Búlúbà Tó Tẹ̀ Níwájú Jíìpù: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe, àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Pààrọ̀ Rẹ̀

Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé Hilux kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó lọ kọlu màlúù lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọ̀pá òkè búlúbà rẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú bí ọrun. Odidi ọ̀sán ni mo fi nà án. Mo fi òòlù lù ú, mo fi jáákì tì í, títí ó fi gún. Inú mi dùn. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, kò tilẹ̀ wo ọ̀pá náà. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí irin náà ti so mọ́ ṣáàsì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ó wá pè mí pé, "Wá wo nǹkan tó o fi sílẹ̀." Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti sán láti ojú ihò bóòtù títí dé etí. Gbogbo làálàá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orí ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni mo ṣe é sí. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan ọ̀pá kankan kí n tó wo ẹsẹ̀.

Búlúbà ni irin gàgàrà tí wọ́n ń so mọ́ iwájú Hilux, Land Cruiser, Prado àti àwọn jíìpù mìíràn tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ń fà. Àwọn míìràn ń pè é ní gáàdì. Nílẹ̀ Ọsirélíà, ẹranko kangaroo tó ń fò sójú ọ̀nà lóru ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, màlúù ni, kùkùté inú oko kajú ni, nígbà mìíràn ìdí tírélà tó dúró láìtan iná lọ́nà Ọ̀yọ́ ni.

Kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ kúrò níbi tó ti ṣẹlẹ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ rìn yí iwájú ọkọ̀ po. Ẹ wo abẹ́ rédíétọ̀ bóyá omi ń jò. Omi aláwọ̀ ewéko tàbí pupa, omi rédíétọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń bu omi lásán sí i, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí rẹ̀ láti wò ó. Ẹ yí sìtíárì dé òpin lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ yí i dé òpin lápá òsì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá táyà ń fara kan irin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di búlúbà mú, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n.

Bó bá ń mì, ẹ má fi okùn dè é kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Kò sí gálọ́ọ̀pù tí kò ní jù ú sókè sódò, bí okùn bá sì já, iwájú táyà ni irin náà máa ṣubú sí. Ẹ tú u níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Sípánà 17 àti 19 ló sábà máa ń tú u. Ẹni tó bá ń lọ oko lójoojúmọ́ yẹ kó ní méjèèjì nínú ọkọ̀.

Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ojú rẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ abẹ́ iwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Mi ò sọ èyí nítorí ìmọ́tótó lásán. Eruku pupa tó máa ń dì mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lọ́nà àwọn oko Orí-Irẹ́ lè bo sísán tó gùn tó ìka mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Ẹsẹ̀ búlúbà jẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n, bóòtù ló sì so wọ́n mọ́ orí ṣáàsì. Gbogbo agbára tó bá dé sára ọ̀pá, ẹsẹ̀ méjì yìí ló ń gbà á. Ẹ kọ́kọ́ wo ihò bóòtù. Ihò tó yẹ kó rí róbótó, bó bá ti gùn bí ẹyin, bóòtù ti fà á ya. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Níbi tí ọ̀dà bá ti fọ́ wẹ́wẹ́, irin abẹ́ rẹ̀ ti nà tàbí kó ti sán. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tínrín tó pọ́n bí igbá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ó ti sán tipẹ́, màlúù kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ojú nìkan kì í tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí ọ̀gá mi kọ́ mi, tí mo ṣì ń lò títí dòní. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà họ ọ̀dà kúrò níbi tẹ́ ẹ fura sí. Ẹ fi kẹrosíìnì pa ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi àkísà tó mọ́ nù ún títí kò ní sí ọ̀rinrin kankan mọ́ lójú rẹ̀. Ẹ wá lọ ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì kúnná, kẹ́ ẹ fi kùn ún. Bí irin náà bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti wọnú sísán yóò máa rọra jáde, yóò sì fa ìlà tínrín sójú funfun náà. Ibi tí ìlà náà bá parí sí ni sísán náà parí sí, ẹ sàmì síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jó irin nítòsí nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí, kẹ́ ẹ sì fọ kẹrosíìnì náà kúrò kẹ́ ẹ tó gbé iná débẹ̀.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó kan ṣáàsì. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì lẹ́yìn ibi tí ẹsẹ̀ búlúbà ti so mọ́ ọn. Bó bá ti ká bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ẹ wá mú téèpù, kẹ́ ẹ wọn ọ̀nà ìdábùú: láti ihò bóòtù iwájú lápá ọ̀tún dé ihò kan lẹ́yìn lápá òsì, kẹ́ ẹ tún wọn ti òdìkejì rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Tí ìyàtọ̀ wọn bá ti ju mìlímítà 5 lọ, èmi kì í fọwọ́ kan búlúbà mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ṣáàsì ni mo máa ń darí ọkọ̀ náà sí. Ẹ tún wo àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti féńdà. Bí ọ̀tún bá fẹ̀ ju òsì lọ, ohun kan ti kúrò ní ipò rẹ̀.

Ṣé ká tún un ṣe ni àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Bàbá àgbẹ̀ kan wá bá mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi nà án, mò ń kó iṣu lọ sọ́jà lọ́la." Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wo abẹ́ rẹ̀." Ẹsẹ̀ méjèèjì le koko, ọ̀pá ìsàlẹ̀ nìkan ló tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n kó iṣu lọ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti sán ni, búlúbà náà ò ní bá wọn lọ, ọkọ̀ ì bá lọ láìní i.

Bí irin lásán bá ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ láìká, ẹ tún un ṣe. Bí ọ̀pá kan bá ti ká wọnú ara rẹ̀, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò. Bí ẹsẹ̀ bá ti sán tàbí ihò rẹ̀ ti gùn, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ tuntun láti ara irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Lílẹ ẹsẹ̀ tó ti ya kò wù mí rárá.

Ohun mẹ́ta ló máa ń jẹ́ kí n sọ pé ká pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Àkọ́kọ́ ni ìpẹtà láti inú. Ẹ fi òòlù kékeré kan ọ̀pá lábẹ́. Ibi tó bá dún gbì dípò kó dún bí agogo, omi ti jẹ ẹ́ nínú. Èkejì ni alumíníọ̀mù tó ti sán. Ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá tínrín tí wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀, èyí tí à ń lò sí irin kò bá a mu. Ẹ̀rọ oníafẹ́fẹ́ ágọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń jó o, iná sì máa ń sọ ọ̀pọ̀ irú alumíníọ̀mù bẹ́ẹ̀ di rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o. Bẹ́ ẹ ò bá mọ èyí tó wà níwájú yín, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí i: yóò lẹ̀ mọ́ irin, kò ní lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù. Àwọn búlúbà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ní éyà-báàgì (àpò tó ń tú jáde dáàbò bo àwọn tó jókòó nígbà ìkọlù) sábà máa ń ní ibi kan lára ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè rọ́. Rírọ́ náà ló ń jẹ́ kí ìkọlù rọ̀ díẹ̀, kí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ìkọlù, sì lè mọ ìgbà tó yẹ kí éyà-báàgì tú. Bí ibẹ̀ bá ti rọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má nà án padà, ẹ má sì fi irin mìíràn dí i kó lè "lágbára sí i". Irin tí kò lè rọ́ yóò gbé gbogbo agbára náà fún ṣáàsì, ṣáàsì yóò gbé e fún àwọn tó jókòó.

Títú u

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ṣe ohun kan fún mi nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ gbé ọkọ̀ kojú ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tan iná iwájú, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ gùn dé lára ògiri. Ẹ sàmì sí ibi tí táyà dúró sí pẹ̀lú. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ níkẹyìn.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Bí ọkọ̀ yín bá ní éyà-báàgì, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 90 kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan níwájú, nítorí iná ṣì máa ń kù nínú rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n bo, ti éyà-báàgì ni, ẹ má gé e, ẹ má fà á. Bí iná fọ́ọ̀gì tàbí iná ìyípadà bá wà lára búlúbà, ẹ ya fọ́tò bí wáyà wọn ṣe so kẹ́ ẹ tó tú u. Yóò gba rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, lọ́wọ́ wàhálà.

Bóòtù tó ti pẹtà, ẹ rọ epo tó ń tú ìpẹtà sí i lálẹ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ má sáré gbé iná sí i, rédíétọ̀ àti páìpù AC wà nítòsí. Ẹ fi jáákì àti pákó gbé àárín búlúbà ró, kí ènìyàn méjì sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kẹ́ ẹ tó yọ bóòtù tó kẹ́yìn. Búlúbà onírin ti Hilux lè wọ̀n tó kìlò 50 sí 70. Mo ti rí i tó jábọ́ lé ọmọṣẹ́ kan lẹ́sẹ̀.

Nínà àti jíjó

Ẹ nà án ní tútù, díẹ̀díẹ̀. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ mọ́ irin ńlá, kẹ́ ẹ fi jáákì alápò epo máa tì í láti inú. Ẹ tì í kọjá díẹ̀, nítorí irin máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wà. Ẹni tó bá ní kí a fi iná sun ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi pọ́n ká tó nà án, ẹ má gbà fún un. Iná náà lè gba agbára irin náà, bẹ́ẹ̀ ojú kò ní rí i.

Ibi tẹ́ ẹ bá gé, ẹ fi ọ̀pá tí fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu rọ́pò. Ẹ ti ọ̀pá kékeré kan sínú bí àpò kó lè di méjèèjì mú kẹ́ ẹ tó jó o pọ̀. Fún ọ̀pá tó sán (ẹsẹ̀ tó sán, tuntun lẹ ó gé), ẹ lu ihò mìlímítà 3 sí òpin sísán náà, níbi tẹ́ ẹ sàmì sí pẹ̀lú ẹfun. Bí ẹ ò bá lu ihò yìí, sísán náà yóò máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ lábẹ́ ohun tẹ́ ẹ jó lé e lórí. Ẹ wá fi ẹ̀rọ fáìlì la ojú sísán náà bíi lẹ́tà V, kí iná lè wọlé dé ìdí.

Fún ọ̀pá, ẹlẹ́kítíróòdù 6013 géèjì 12 tó. Fún ẹsẹ̀ tó nípọn, 7018 géèjì 10 ló dára jù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Èyí tó ti gba ọ̀rinrin nígbà òjò máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ àti sísán sínú iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jó o mọ́ra díẹ̀díẹ̀ ní ojú mẹ́rin mẹ́rin, kẹ́ ẹ gbé e lọ dán wò lára ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó jó o tán. Bẹ́ ẹ bá ń jó o tán, ẹ jó díẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹ jó díẹ̀ lósì. Bẹ́ ẹ bá jó ẹ̀gbẹ́ kan lọ tẹ̀ẹ́rẹ́, yóò fà, ihò bóòtù ò sì ní bá ara wọn mu mọ́.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti jó o nìyí: lórí ilẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tú u. Ẹ má jó o lára ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó ẹsẹ̀ búlúbà mọ́ ṣáàsì ní tààrà láìlo bóòtù. Mo mọ̀ pé ó yá, ó sì rọrùn lówó. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá jó mọ́ ṣáàsì bẹ́ẹ̀ ni ṣáàsì fúnra rẹ̀ máa ti sán lọ́jọ́ kan.

Bí irin náà bá ní sínkì lára, ẹ fáìlì sínkì náà kúrò kẹ́ ẹ tó jó o. Èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára lálẹ́. Mílíìkì tí àwa wẹ́dà máa ń mu kì í lé èéfín náà lọ, gbangba ìta tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ló ń dáàbò boni. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tó ń fi awò òòrùn jó irin, mo bẹ̀ yín, ẹ ra ìbojú gidi. Ojú kò ní òmíràn.

Ọ̀dà

Ẹ fáìlì gbogbo ojú iṣẹ́ títí yóò fi mọ́, ẹ fi tínà nù ún, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń lé ìpẹtà, lẹ́yìn náà ẹ kun ọ̀dà gangan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yíká kí eruku má fi ọ̀dà ṣe ilé. Ẹ rí i pé ihò kékeré wà nísàlẹ̀ gbogbo ọ̀pá tí omi lè wọ̀, kó lè rí ibi jáde.

Bó bá jẹ́ òmíràn lẹ fẹ́ rà

Ẹ mú ọkọ̀ dání, tàbí ó kéré tán fọ́tò iwájú rẹ̀ àti ọdún rẹ̀. Hilux tó jáde ṣáájú 2015 àti irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe iwájú kan náà, búlúbà ọ̀kan kì í wọ èkejì láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Tòkunbọ̀ dára bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pé, torí náà ẹ mú kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì dání lọ síbẹ̀. Kó jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ní éyà-báàgì, bí tiyín bá ní i. Kó má bo nọ́ńbà ọkọ̀, iná ìyípadà, tàbí ojú tí rédíétọ̀ fi ń mí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi sọ. Irin tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ màlúù náà ló ń pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lára ju bọ́ńpà onírọ́bà lọ. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣòfin lọ́dún 2005 pé búlúbà gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kan nítorí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, tí ìjọba India sì kéde lóṣù Kejìlá ọdún 2017 pé kí àwọn ìpínlẹ̀ máa fìyà jẹ ẹni tó bá so ó mọ́ ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíè sí yunifásítì LAUTECH, ni gbogbo ìrìn yín, tẹ́ ẹ kì í wọ oko, tẹ́ ẹ kì í rin ọ̀nà màlúù lálẹ́, mo rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ dá bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ wá padà sáyè rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Bẹ́ ẹ bá sì nílò búlúbà, kó má ní etí mímú, kí ẹnu ọ̀pá kankan má ṣí sílẹ̀.

Síso ó padà

Ẹ má lo àwọn bóòtù àtijọ́. Ẹ ra tuntun tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9, ìyẹn nọ́ńbà agbára bóòtù, sí lórí. Bóòtù tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ti gíréètì ojú fèrèsé ni. Ẹ gbé búlúbà sórí jáákì, ẹ fi gbogbo bóòtù sí i pẹ̀lú wáṣà wọn, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ lásán dè wọ́n. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín búlúbà àti féńdà lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó tó fífẹ̀ ìka kan, nítorí ara ọkọ̀ máa ń mì lórí ṣáàsì lójú ọ̀nà tí kò dáa. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fún wọn, lọ́tùn-ún lósì, díẹ̀díẹ̀. Bí ìwé tó bá búlúbà wá bá sọ iye agbára tẹ́ ẹ máa fi fún bóòtù, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá sí ìwé, nǹkan bíi 80 Nm (níútọ̀n-mítà, tí sípánà tó ń wọn agbára máa ń fi hàn) ni mo máa ń fún bóòtù M12, èyí tó nípọn mìlímítà 12, tó jẹ́ 8.8.

Ẹ so wáyà, ẹ so bátìrì, ẹ tan gbogbo iná. Bí iná éyà-báàgì ò bá kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má gbé ọkọ̀ jáde, ẹ pe rẹ́wáyà tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Lálẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ padà síwájú ògiri níbi àmì táyà yín. Bí búlúbà tuntun bá wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iwájú ọkọ̀ yóò ti sọ̀kalẹ̀, iná yóò sì wà nísàlẹ̀ àmì ṣọ́ọ̀kì. Ẹ yí iná padà sókè títí yóò fi bá àmì náà mu.

Ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjá sórí ẹsẹ̀ irin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì tí ìlà rẹ̀ kò bá ti ẹsẹ̀ mu mọ́, ó ti yí. Ẹ fún un padà, kẹ́ ẹ sì fa ìlà mìíràn.